Awakọ̀ Tíráàmù Sọ Tẹnu Rẹ̀

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa tíráàmù ní ìlú Łódź,
láti Chojny dé Helenówek, láti Helenówek padà sí Chojny.
N kò pa èèyàn, n kò pa ajá.
Nítorí náà, ẹ jẹ́ n sọ tèmi nípa géèmù.

Ignacy, ọmọ ọmọ mi, ló fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀
nígbà tó ń lọ ṣiṣẹ́ ẹja ní Bergen.
Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ má jẹ́ kí eruku bò ó."
Eruku kò bò ó.
Èmi ni oorun kò bò mọ́.

Ti tíráàmù ni mo kọ́kọ́ gbá. Irọ́ gbáà ni.
Agogo rẹ̀ ń dún bí ṣíbí nínú ife tíì,
bíréèkì rẹ̀ ń mú ṣinṣin lórí yìnyín
bí ẹni pé oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ kò dé ibẹ̀ rí.
Àwọn èrò wọlé, wọ́n jókòó, ojú wọn ń dán bí àwo;
kò sẹ́ni tó bú mi pé mo pẹ́,
kò sí ọ̀mùtí kan tó sùn dé ìparí ọ̀nà
tí n ó gbọn léjìká, tí n ó sọ fún pé,
"Ọ̀gbẹ́ni, ilé rẹ ti kọjá."
Mo wà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo pa á rẹ́.

Ti ogun ńkọ́? Ogun wọn mọ́ jù.
Ìyá mi a máa sọ ogun fún mi bó ṣe ń bó ọ̀dùnkún,
ohùn rẹ̀ kì í ròkè.
Kò sí ìlù ńlá nínú tirẹ̀, ebi ló kún ibẹ̀.
Nínú géèmù, o kú, o ka ení, èjì, ẹ̀ta, o dìde,
okùn bàtà rẹ kò tilẹ̀ tú.
Mo wá itẹ́ òkú títí, n kò rí ọ̀kan.
Ẹlẹ́mìí mẹ́ta, kí ló fẹ́ bẹ̀rù?

Ti oko sàn díẹ̀. Mo gbin kábéèjì, mo sin ewúrẹ́,
mo sọ ọ̀kan ní Gizela,
orúkọ aládùúgbò mi tó ń gbá ògiri bí mo bá rẹ́rìn-ín lóru.
Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n sanwó kí òjò tó rọ̀!
Mo pa ẹ̀rọ,
mo lọ bomi rin òdòdó ojú fèrèsé mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Eléyìí tí bíríkì ń já bọ́ látòkè, mo bọ̀wọ̀ fún un.
Birikilà ni Lucjan ọkọ mi; òun ìbá bínú,
bíríkì láìsí sìmẹ́ńtì?
Àmọ́ igun kan wà tó ń fi bíríkì tó ń bọ̀ hàn ọ́.
Ọdún tí ikọ́ Lucjan bẹ̀rẹ̀,
ká ní ẹnìkan fi èyí tó ń bọ̀ hàn mí ni,
ǹ bá ti fi àyè sílẹ̀ fún un.

Ó ku ọ̀kan.
Ní alẹ́ Ọjọ́ Àìkú, Ignacy a máa dúró dè mí lórí òkè kan,
nínú géèmù tí orúkọ rẹ̀ kò yí lẹ́nu mi.
Òun wọ awọ ìkookò.
Èmi jẹ́ ọkùnrin sísanra onírùngbọ̀n pupa,
bọ́tìnnì tí mo ṣì tẹ̀ ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀.
Géèmù burúkú ni: igi ń wọnú igi,
ìtàn rẹ̀ kò lórí, kò nídìí.
A jókòó ti iná tí kì í jó igi tán.
Ó ń sọ òórùn ẹja tí kì í kúrò ní èékánná rẹ̀ fún mi,
ó ń sọ ti Ragnfrid tí kò pè é padà.
Ẹnu rẹ̀ kò mì lójú ẹ̀rọ,
ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ṣíbí nínú ife tíì rẹ̀ ní Bergen.

Dírágónì tí wọ́n ní ká pa ti sùn nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún
láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.
Bí a bá pa á, eré parí.
Ignacy, ọmọ mi, má tíì yọ idà.